Kí Ni Yóò Jẹ́ Ti Ọmọ Tí Ó Bá Dúró? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Oko Kòkó àti Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ó Fi Í Sílẹ̀

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn wá bá wa péjọ, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi oko kòkó sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú wa ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kí a tó jókòó. A ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí, a ní owó òjijì ni wọ́n ń wá, a ní ọ̀kadà àti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gbà wọ́n lọ́kàn. N kò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń gun ọ̀kadà ní ìgboro láti ìdájí títí di òru, tí òun àti àwọn márùn-ún mìíràn jọ ń sun yàrá kan, a lè pè é ní orúkọ mìíràn, a kò lè pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tí mo rò ni pé ọ̀dọ́ a máa lọ sí ibi tí ó bá ti lè ní nǹkan tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ibẹ̀ jẹ́ oko, ọ̀dọ́ sì kún inú oko nígbà náà. Bí oko kò bá jẹ́ irú ibẹ̀ mọ́, ọ̀dọ́ nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí kòkó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò tí ó ń gbé ní Èkó, gbin kòkó sí Ìjàn, nítòsí Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn bíi Jacob Kehinde Coker sọ àgbègbè Agége di oko kòkó ńláńlá. Àwọn wo ni ó ń ro oko wọ̀nyí? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì àti láti Oǹdó ni ó pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó rìn jìnnà sílé láti wá owó. Ogun Kírìjì ti dáwọ́ dúró nípa àdéhùn ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893. Àwọn tí à bá rán lọ sójú ogun kò ní ogun jà mọ́. Wọ́n ṣe lébìrà ní Agége, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin igi náà, nígbà tí wọ́n sì ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n kó irúgbìn rẹ̀ dání. Bí kòkó ṣe wọ inú ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, nínú ẹrù àwọn ọmọ tí ó ti kúrò nílé. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń bú ẹni tí ó rin ìrìn àjò.

Láti ìgbà náà títí di àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, ìrìn àwọn ọ̀dọ́ kọ orí sí igbó. Ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Èkìtì ń fi ìlú ńlá sílẹ̀, wọ́n ń lọ sí ẹgàn Ifẹ̀, ti Oǹdó àti ti Ìdànrè, níbi tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí ilé ìwòsàn, tí ẹ̀fọn ń jẹni. Ohun tí ó fà wọ́n lọ kò fara sin. Ọ̀dọ́kùnrin a dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú ọtí àti obì, onílẹ̀ a fi igbó hàn án, àwọn méjèèjì a sì jọ sọ̀rọ̀ lórí ìṣákọ́lẹ̀ tí yóò máa san lọ́dọọdún. Ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, kò sí iyèméjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín, ó sì jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yóò ṣán igbó, yóò sun ún, yóò kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò kí wọ́n lè ṣíji bo kòkó kéékèèké, àwọn náà ni yóò sì máa jẹ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí igi kòkó ìgbà náà fi ń múra àtiso. Ọdún márùn-ún kì í ṣe kékeré nínú ayé ọmọ ogún ọdún. Ó fara dà á nítorí pé ó mọ̀ pé bí òun bá pé ọgbọ̀n ọdún, òun yóò ti ní oko tí ó ń jẹ́ orúkọ òun. Ẹ wo orúkọ àwọn abà tí ó wà lójú ọ̀nà Òkè-Igbó àti Ifẹ̀tẹ̀dó, púpọ̀ nínú wọn ni a fi orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a pè. Ọ̀dọ́ ni olúwarẹ̀ nígbà tí ó dá a.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dé orí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń tọ́ka sí. Ìjọba ìgbà náà dá ìgbìmọ̀ tí ó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, nígbà tí ó sì di 1954, ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Iye tí ìgbìmọ̀ ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì sì di owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ń fi yangàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò pé 460,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, ju 800,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó kòkó ni ó rán ọmọ àgbẹ̀ kòkó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ sì fi ọ̀nà ìgboro hàn án. Èmi kò sí lára àwọn tí ó ń sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ba oko jẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ fi mọ́tò yín dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí kò ní dé ibi tí ẹ dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ṣe tí kò dára: ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí olùkọ́ ti ń yin iṣẹ́ àgbẹ̀ lójú pátákó, ọmọ tí ó bá pẹ́ lẹ́yìn tàbí tí ó pariwo ni à ń rán lọ ro oko ọ̀gá. Ọkọ́ àti àdá ni pàṣán wa. Ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́fà rí oko gẹ́gẹ́ bí ìyà ẹ̀ṣẹ̀, a kò lè retí pé kí ó yàn án láàyò nígbà tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 parí ní 1960. Ìjọba ti rí i pé wọn kò ní padà sí oko bàbá wọn, kò sì sí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó tó wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1959 sí 1960, ní Akùfọ̀, ní Ìlọrà àti ní àwọn ibòmíràn, tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ láti Ísírẹ́lì. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní iṣẹ́, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn. Lórí ìwé, ètò náà dára púpọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni a kọ sí ìwé gbèsè. Ilé jẹ́ gbèsè, irúgbìn jẹ́ gbèsè, owó tí ó fi ń jẹun kí oko tó so jẹ́ gbèsè, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì ń sọ ohun tí yóò gbìn àti ìgbà tí yóò gbìn ín. Bàbá rẹ̀ tí ó lọ sí ẹgàn ní 1920 ní àwọn igi tí ó ń pè ní tèmi láti ọdún kìíní. Ọmọ ibùdó kò ní ohun tí ó lè pè bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò san gbèsè tán, ọjọ́ náà kò sì sún mọ́ tòsí. Púpọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Àwọn tí ó kù lóko náà kò rí ìsinmi. Ẹ̀yin àgbà rántí Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí ń pọ̀ sí i tí owó kòkó kò sì gbé nǹkan kan, tí Tàfá Adéoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dìde. Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì dé, owó oṣù Údọ́jì, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ní 1974, ẹni tí ó ń ṣe kọ́ńsítébù ọlọ́pàá ní ìgboro sì ń gba owó tí ó dá lójú ju ti ẹni tí ó ní éékà mẹ́wàá lọ. Kòkó tí Nàìjíríà ń kórè, tí ó ti ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ ní nǹkan bí 1971, wá sí nǹkan bí ìdajì kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ kòkó ká ní 1986, tí owó tí ń kan àgbẹ̀ lọ́wọ́ ga sókè lójijì, àwọn kan tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìgboro padà wá wo igi bàbá wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogún, nítorí pé ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀, a kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá kan tí ó ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mọ́kànlá. Ìyàálé bí ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ náà sì ti di akọ̀wé ní Èkó. Ìyàwó kejì bí mẹ́fà, ẹ̀kẹta bí mẹ́rin. Àkànbí, tí ó jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì, ni ó dúró ti bàbá lóko. Òun ni ó ń gé àfòmọ́ kúrò lórí igi, òun ni ó ń po òògùn aláwọ̀ búlúù ní ìgbà òjò kí kòkó má baà dúdú lórí igi, òun ni ó ń gun orí òkè lọ gbé omi tí yóò fi pò ó. Nígbà ìkórè, òun àti ìyá rẹ̀ ni ó ń la kòkó, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń sáré kó o bí òjò bá ṣú. Bàbá ni ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ra kòkó. Bàbá ni ó mọ ohun tí yóò fún Àkànbí nínú rẹ̀, bí ọdún Kérésì tàbí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bàbá wá kú. Bí ẹbí bá pín oko ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Akọ̀wé tí ó wà ní Èkó gba ìdá kan nínú mẹ́ta lódindi, nítorí pé òun nìkan ni ọmọ ìyá rẹ̀. Àkànbí àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ márùn-ún yóò jọ pín ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tí ó kan òun nínú gbogbo oko yóò sì jẹ́ ìdá kan nínú méjìdínlógún. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ó-jorí, ó gba ìdá kan nínú mọ́kànlá, iye kan náà tí àbúrò rẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà oko náà gbà. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Àṣà wa ni, ilé ẹjọ́ sì ti fọwọ́ sí i: ẹjọ́ àwọn ọmọ Súbérù Dáwódù ti Èkó, ẹni tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, dé ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìdájọ́ sì ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ẹbí lè lo orí-ó-jorí bí ìjà bá fẹ́ wáyé. Èrò rere ni ó wà nídìí àṣà náà, pé kí ọmọ kankan má ṣe jẹ́ aláìnílé. N kò sọ pé kí a pa á rẹ́. Mo ń sọ pé àwọn ọmọ wa mọ ìṣirò. Àkànbí ti ọdún 2000 rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àkànbí ti ọdún 1985, ó sì wọ ọkọ̀ Èkó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ti ọmọbìnrin tún burú ju èyí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá ó ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá rẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin. Ẹ̀tọ́ náà wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí bá jókòó láti sọ ẹni tí yóò máa bojú tó oko, a kì í dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọmọbìnrin fi máa ń ṣáájú àwọn ọkùnrin kúrò ní abà, wọ́n a lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tàbí irun dídì, iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó rà á.

Ṣé oko wá ṣófo ni? Ẹni tí ó bá wọ inú àwọn abà ẹgàn wa lónìí yóò rí i pé ọ̀dọ́ kún ibẹ̀. Ọmọ Igede àti ọmọ Tiv láti Bẹ́núè ni wọ́n, ọmọ Ẹ̀bìrà ni wọ́n, àwọn mìíràn wá láti Tógò àti Benin. Wọ́n ń bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń sọ Yorùbá tí ó já gaara ju ti àwọn ọmọ-ọmọ wa tí ó wà ní Lẹ́kì lọ, àwọn ni wọn kò sì jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn abà kan kógbá wọlé. Kí ni ó mú wọn wá sí ibi tí àwọn ọmọ wa ní ó le jù? Àgbàlagbà tí agbára rẹ̀ ti tán a gbé oko lé ọ̀dọ́ Igede lọ́wọ́, bí kòkó bá sì jáde, wọ́n a pín in, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ti ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àdéhùn wà fún un, wọ́n sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, owó rẹ̀ sì ń kàn án lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Àjèjì ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta lórí oko tí ọmọ bíbí inú ilé ti ń dúró de ìdá kan nínú méjìdínlógún lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ọ̀dọ́, mo mọ èyí tí n óò yàn nínú méjèèjì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Nígbà tí ìkórè Gánà àti Côte d'Ivoire kò dára nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn igi, owó kòkó ní ọjà àgbáyé gòkè dé ibi tí kò dé rí, ó ju 12,000 dọ́là lọ lórí tọ́ọ̀nù kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kí ni a rí? Àwọn ọmọ tí kò bèèrè oko fún ọdún mẹ́wàá ń fi fóònù pe bàbá wọn. Àwọn kan wálé ní tòótọ́, wọ́n ro ibi tí igbó ti bò. Àwọn mìíràn wálé wá bèèrè ìpín wọn, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà. Kí ọdún 2025 tó parí, owó náà ti já sí ìdajì tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n dúró sì kéré. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé owó nìkan lè pe ọ̀dọ́ wálé bí ó ti ṣe ní 1986, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Ẹni tí ó dúró nígbà tí owó já ni ẹni tí bàbá rẹ̀ ti fi ojú ààlà hàn, tí ó mọ̀ pé láti ìdí ọ̀pẹ yìí dé etí odò yẹn, tòun ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró ni pé igi wa ti gbó. Púpọ̀ nínú igi kòkó tí a ń ká lónìí ni a gbìn kí n tó lọ́kọ, igi tí ó bá sì ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, èso rẹ̀ a máa dín kù. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ti mú àwọn irúgbìn tuntun jáde, àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TC, tí wọ́n ń yára so tí wọ́n sì ń pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gé igi àtijọ́ lulẹ̀ kí ó lè gbin tuntun gbọ́dọ̀ fara da àìní fún ọdún díẹ̀. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kò ní ṣe é. Ẹni tí a fi oko fún kí ó máa ṣe é pín kò ní ṣe é, nítorí pé wọ́n lè gba oko náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí ó ń bọ̀. Ọmọ tí kò mọ èwo ni tirẹ̀ kò ní ṣe é pẹ̀lú.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn bàbá tí ó wà níbí kò ní owó nínú púpọ̀. Oko tí o fi ọwọ́ ara rẹ dá, tí kì í ṣe ogún, àṣà gbà ọ́ láyè láti fi apá kan nínú rẹ̀ ta ọmọ rẹ lọ́rẹ nígbà tí o wà láàyè, lójú ẹlẹ́rìí. Bí ó jẹ́ éékà méjì péré, fi lé ọmọ tí ó dúró lọ́wọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí o sì jẹ́ kí ó máa ta kòkó ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé náà kò ní dúró níwájú adájọ́. Bí ẹbí kò bá sì fẹ́ pín ilẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yóò máa mú ìdá kan nínú mẹ́ta kí a tó pín èyí tí ó kù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àlejò. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti fún ẹni tí ó ń dáko ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìgboro. Ìwé náà wà fún ẹni tí ó bá bèèrè, àwọn tí ó ń bèèrè ni kò pọ̀. Àwọn tí a ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn náà nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú tí kò jìnnà sí wa.

Ẹgbẹ́ onílùú yìí ní àwọn agbẹjọ́rò nínú, ó ní àwọn awọnlẹ̀ nínú, mo sì gbọ́ pé ẹ ń dáwó láti fi kọ́ gbọ̀ngàn mìíràn. Mo rọ̀ yín kí ẹ yọ díẹ̀ nínú owó náà fún àwọn awọnlẹ̀ wọ̀nyí, kí wọ́n tó padà sí Èkó lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n lo ọjọ́ kan ní abà tí ó bá ṣetán láti gbà wọ́n, kí bàbá tí ó bá fẹ́ sì mú ọmọ rẹ̀ àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá síbẹ̀. Mo ti bá baálẹ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀ kí n tó gun orí pèpéle yìí, wọ́n sì ti gbà. Orúkọ àwọn abà wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.